Ẹ̀gà Tó Gba Iṣẹ́ Àkókó Ṣe

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ igbó àti ọ̀rẹ́ ẹyẹ, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbé abúlé rí tí kò mọ ẹ̀gà. Bí ọ̀pẹ kan bá wà lẹ́yìnkùlé tí imọ̀ rẹ̀ ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí ìtẹ́ rọ̀ jọwọlọ sára rẹ̀, tí ariwo kò sì jẹ́ kí ọkọ gbọ́ ohun tí ìyàwó ń wí láàárọ̀, a ti mọ ẹni tó kó wá síbẹ̀. Ẹ̀gà kì í dá gbé. Etí ilé èèyàn ló fẹ́ràn, ìta gbangba ló ń ná, ọkà àti ìrẹsì oko wa sì wà lára ohun tó fi ń yó. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fi kànnàkànnà dúró dè é.

Ẹyẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ẹ̀gà ni òun náà, àmọ́ bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní tètè gbà fún mi. Inú igbó ló ń gbé. Kì í pé jọ ṣe ìlú sórí igi kan ṣoṣo bí àwọn tiwa. Akọ àti abo a máa wá ibi tiwọn. Kì í wá inú oko ọkà. Ara igi ló ti ń jẹun: á bọ́ sára ẹ̀ka, á máa yọ́ lọ, á yí igi náà po, á dorí kodò nígbà mìíràn, á máa ki ẹnu bọ abẹ́ èèpo igi àti àárín àwọn koríko wẹ́wẹ́ tó ń hù lára igi, á sì máa fa kòkòrò yọ. Ó tún ń jẹ èso igi àti oje òdòdó, àmọ́ kòkòrò ni iṣẹ́ tó gbà ṣe gan-an.

Erékùṣù São Tomé ni ilé rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn láyé. *Ploceus sanctithomae* ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹyẹ kékeré ni. Àtàrí akọ dúdú, ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ìlà tó mọ́lẹ̀ sì wà lórí ìyẹ́ apá rẹ̀. Àgógó rẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa: ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò nípọn bíi ti ẹ̀gà tó ń fọ́ ọkà. Bí ẹ bá wo ìtẹ́ rẹ̀ nìkan, ẹ máa mọ ìdílé tó ti wá, nítorí híhun ni ó hun ún, ó so ó rọ̀ sí orí ẹ̀ka, ó sì yọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ibẹ̀ díẹ̀, torí pé erékùṣù náà ló bí ìtàn yìí. São Tomé wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù wa, ní ìwọ̀-oòrùn Gabon. Láti Èkó dé ibẹ̀ kò pé 1,000 kìlómítà. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 857 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìyẹn ni pé Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, òkè àárín rẹ̀ ga tó mítà 2,024, òjò apá gúúsù rẹ̀ sì lè kọjá 5,000 mìlímítà lọ́dún. Òun àti erékùṣù Príncipe ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló hú wọn jáde nínú òkun, láti ìlà òkè oníná kan náà tó gbé òkè Kamẹrúùnù dìde.

Erékùṣù mìíràn wà lórí ìlà yẹn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bioko, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Pó. Bioko kò jìnnà sí etíkun Kamẹrúùnù, omi tó wà láàárín wọn kò sì jìn. Nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ nínú ayé ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, òkun fà sẹ́yìn, ilẹ̀ so Bioko mọ́ Áfíríkà, ẹranko àti ẹyẹ sì fẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹyẹ Bioko fi gbogbo ara jọ ẹyẹ Kamẹrúùnù. Ti São Tomé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó yí i ká jìn ju kìlómítà kan lọ, ilẹ̀ kò sì so ó mọ́ ibì kankan rí láti ọjọ́ tó ti yọ sókè ní mílíọ̀nù ọdún mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ohunkóhun tó bá máa dé ibẹ̀, àfi kó fò, kó léfòó, tàbí kí afẹ́fẹ́ gbé e. Àwọn tó sì rí ọ̀nà gbà kò pọ̀.

Àkókó kò rí ọ̀nà gbà. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ní Áfíríkà, láti etí òkun títí dé aṣálẹ̀, kò sí igbó kan tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní gbọ́ àkókó tó ń sọ igi. Ní São Tomé àti Príncipe, kò sí ẹyọ kan. Èèpo igi wà, kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ẹni tó máa kó o jẹ ni kò sí. Abúlé tí kò bá ní télọ̀, ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú díẹ̀ ló máa di télọ̀ ibẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gà yìí nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹyẹ náà jókòó gbìmọ̀ o. Nínú ọmọ tí ẹyẹ ń pa, àgógó ọ̀kan á fi díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti èkejì lọ. Níbi tí ọkà pọ̀ sí, àléébù ni. Níbi tí oúnjẹ ti wà nínú pálapàla èèpo igi, tí kò sì sí àkókó tó máa lé e kúrò, èrè ni. Alágógó tẹ́ẹ́rẹ́ á yó, á pa ọmọ púpọ̀, àwọn ọmọ náà á gbé àgógó òbí wọn. Ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran lé e. Kò sí ẹni tó pinnu ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti yí ara padà.

Mo gbọ́dọ̀ dá ara mi dúró díẹ̀ níhìn-ín, torí mo rí àwọn kan nínú yín tí wọ́n mọ ẹyẹ jù mí lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ìbátan ẹ̀gà kan wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà tó ń dán irú èyí wò. Lórí òkè Obudu àti òkè Kamẹrúùnù, ẹ̀gà igbó kan wà tí àtàrí akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, tó ń yọ́ lára ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Nínú igbó tiwa náà, malimbe olórí pupa, tó jẹ́ ọmọ ìdílé ẹ̀gà, a máa fi orí kodò wá kòkòrò lára igi. Èyí fi hàn pé ẹ̀bùn náà ti wà nínú ẹbí tipẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ti ilẹ̀ Áfíríkà yìí ń bá àkókó pín igi, ti São Tomé kò sì bá ẹnikẹ́ni pín in. Àwọn kan tilẹ̀ fún un ní ìdílé tirẹ̀, wọ́n pè é ní *Thomasophantes*, torí pé kò jọ èyí tó kù mọ́ lójú wọn. Mo rò pé wọ́n ti kánjú, àmọ́ mo mọ ohun tó kó bá wọn.

Kì í ṣe òun nìkan ni erékùṣù náà yí lórí padà. Ẹ̀gà mìíràn tún wà níbẹ̀, *Ploceus grandis*, tó fi orí dúdú àti ìyẹ́ ofeefee jọ ẹ̀gà etí ilé wa, àfi pé ó tóbi débi tí kò fi sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo *Ploceus*. Príncipe ní tirẹ̀, ẹ̀gà aláwọ̀ wúrà kan tó kún erékùṣù náà bámúbámú. Ẹyẹ tó ń mu oje òdòdó tó tóbi jù lọ nínú ìdílé rẹ̀ láyé wà ní São Tomé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbátan ológosẹ́ igbó kan tí àgógó rẹ̀ nípọn, tó ju gbogbo ẹbí rẹ̀ lọ. Àmọ́ ìbis tiwọn, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn tó máa ń rìn nílẹ̀ igbó, òun ló kéré jù nínú ẹbí tirẹ̀. Àwọn kan tóbi, àwọn kan rẹlẹ̀, ẹnìkan pa iṣẹ́ dà. Lórí erékùṣù méjèèjì, irú ẹyẹ tó bíi 28 ló wà tí ẹ ò lè rí níbòmíràn lágbàáyé. Iye yẹn pọ̀ lórí ilẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀gà wa? Gustav Hartlaub, oníṣègùn kan ní Bremen ní Jámánì, ló fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1848. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Francisco Newton, ará Potogí tó ń kó ẹyẹ jọ, kó òkú ẹyẹ púpọ̀ ránṣẹ́ sí onímọ̀ ẹranko Barbosa du Bocage ní ilé ìkóhun-sí kan ní Lisbon, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Iná jó ilé ìkóhun-sí náà ní 1978, iṣẹ́ ọwọ́ Newton sì jóná. Ní 1928, José Correia, ọmọ erékùṣù Azores tó ti bá wọn pa àbùùbùtán lójú òkun rí, lọ kó ẹyẹ níbẹ̀ fún ilé ìkóhun-sí New York. Dean Amadon, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, sì fi ìkójọ yẹn kọ ìwé ńlá kan ní 1953 lórí bí ẹyẹ àwọn erékùṣù náà ṣe yàtọ̀ síra.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni René de Naurois. Àlùfáà Kátólíìkì ará Faransé ni. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944, ó bá àwọn kọmándò Faransé sọ̀ kalẹ̀ sétí òkun Normandy lábẹ́ ìbọn, òun ni àlùfáà wọn. Ó ti gba àwọn Júù là kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Ísírẹ́lì sì bọlá fún un lórí rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ọkùnrin yìí kan náà gba igbó àwọn erékùṣù yìí lọ, ó ń ka ẹyin nínú ìtẹ́, ó ń wo bí ẹ̀gà ṣe ń hun ilé. Mi ò mọ bí ẹlòmíràn ṣe máa gbà á. Ní tèmi, ìtẹ́ ẹyẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn bàbá yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ igbó, torí pé ẹyẹ tó ń jẹun lára igi, igi náà ni ẹ̀mí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Potogí dé São Tomé ní nǹkan bí 1470, wọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìrèké ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn, wọ́n sì kó ẹrú wá láti Kóńgò àti láti etíkun Benin láti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá kanlẹ̀. Ní 1595, Amador, tí òun náà jẹ́ ẹrú, kó àwọn ẹrú jọ, wọ́n dìde, wọ́n dáná sun ilé ìfúnrèké. Wọ́n mú un, wọ́n pa á, àmọ́ ọrọ̀ ìrèké ti ń bá ẹsẹ̀ rìn lọ sí Bràsíl. Oko di ìgbòrò, ìgbòrò di igbó. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ni igi fi ní ìsinmi.

Kọfí ló tún dà á rú, kòkó sì tẹ̀ lé e. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ilé wa wà nínú rẹ̀. Láti Bràsíl ni kòkó ti dé Príncipe ní 1822. Láti àwọn erékùṣù yìí ló ti dé Fernando Pó. Láti Fernando Pó ni olóyè Squiss Ibaningo ti gbé e wá gbìn sí Bonny ní 1874, ẹ̀yìn ìyẹn ni ó fìdí múlẹ̀ ní Agége lọ́wọ́ àwọn bíi J. K. Coker, kí ó tó gba ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó kan. Nítorí náà, kòkó tó rán òbí ọ̀pọ̀ nínú yín nílé ìwé, tó sì gbé Ilé Kòkó ró ní Dùgbẹ̀, orílẹ̀-èdè ẹ̀gà yìí ló gbà kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, São Tomé wà lára àwọn tó ń ta kòkó jù lọ lágbàáyé. Àwọn èèyàn tí wọ́n kó láti Àǹgólà ló ń ṣiṣẹ́ lóko náà. Nínú ìwé, àdéhùn iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Kò sí ẹni tó ń padà sílé. William Cadbury, ti ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì Cadbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ fojú ara rẹ̀ rí i ní 1908, ilé-iṣẹ́ wọn sì dáwọ́ ríra rẹ̀ dúró ní 1909, lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á fún ọdún púpọ̀.

Iṣẹ́ burúkú yẹn ló gbé ẹyẹ wa là, ẹ dárí jì mí pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kòkó kì í fẹ́ oòrùn gangan. Àwọn olóko dá àwọn igi ńlá sí láti ṣíji bò ó, wọ́n tún gbin òmíràn kún un. Igi ńlá ní èèpo, èèpo ní kòkòrò. Ẹ̀gà wa wọ inú oko kòkó, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Lẹ́yìn òmìnira ní 1975, oko púpọ̀ di aláìlólúwa, igbó tún hù bò wọ́n. Títí di òní, ẹ máa bá ẹ̀gà yìí nínú igbó àkọ́kọ́, nínú igbó tó hù padà, àti lábẹ́ igi oko kòkó. Àwọn tó ń ka ẹyẹ tó wà nínú ewu kò kà á mọ́ wọn.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìbis kékeré yẹn, ológosẹ́ ńlá yẹn, àti ẹyẹ apẹran kékeré kan tí wọ́n ń pè ní *Lanius newtoni*, àwọn mẹ́ta yìí kò lè fi igbó gidi sílẹ̀. Lẹ́yìn 1928, kò sí ẹni tó rí ẹyẹ apẹran náà mọ́ títí di 1990. Ológosẹ́ ńlá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló kọjá kí ojú tó tún kàn án ní 1991. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkè ti rí gánnágánná tí òjò kì í dá, ni wọ́n fara pamọ́ sí.

Èèyàn á wá ní, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni a ń tìtorí ẹ̀gà yìí jókòó fún níwọ̀n ìgbà tí kò sí nínú ewu? Ó jẹ́ ẹlẹ́rìí fún mi ni. Òun ni mo fi ń mọ ohun tí igbó lè gbà mọ́ra àti ohun tí kò lè gbà mọ́ra. Ó fara da ìrèké, ó fara da kòkó, nítorí pé igi ńlá kò tán pátápátá. Láti bí ọdún 2009, wọ́n ti gé igbó ní gúúsù São Tomé láti gbin ọ̀pẹ lọ súà, láìsí igi mìíràn láàárín rẹ̀. Ẹ̀gà tiwa níhìn-ín á rí ọ̀pẹ, á fò fún ayọ̀. Ẹ̀gà tó ti di àkókó, kí ni yóò fi í ṣe? Ẹyẹ erékùṣù tó ń ríbi gbé nínú irú oko bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Lóòótọ́, láti 2006 ni òfin ti dá ọgbà igbó Obô sílẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta erékùṣù náà, àmọ́ apá kan oko ọ̀pẹ náà kò jìnnà sí etí rẹ̀.

Àlejò tún wà. Àwọn Potogí kó ọ̀bọ mona wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, irú èyí tí ẹ máa rí lórí igi bí ẹ bá lọ sí Lekki Conservation Centre. Ní Lekki, ọmọ onílé ni. Ní São Tomé, ẹyẹ kò bá ọ̀bọ dàgbà, ọ̀bọ sì mọ adùn ẹyin. Eku ọkọ̀ ojú omi náà wọ̀lú.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan tó bi mí ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà parí. Ó ní ṣé a ní irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, tó jẹ́ tiwa nìkan. A ní. Ọmọ ìdílé ẹ̀gà ni, ẹyẹ inú igbó ni, orúkọ ìlú Ìbàdàn ló sì ń jẹ́: *Malimbus ibadanensis*. J. H. Elgood tó ń kọ́ni ní University College, Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Láti ìgbà náà, àyíká Ìbàdàn, Ìpẹru, Ìlaròó, Ifẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń rí i, kò sí ibòmíràn láyé. Òkun kò yí i ká. Oko, ilé àti títì ló yí i ká, igbó rẹ̀ sì ń kéré sí i. Òun ní tirẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu gidi. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti sábà máa ń rí i ni igbó inú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, igbó náà sì ju 300 hẹ́kítà lọ. Igbó yẹn, ilẹ̀ oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó hù padà lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, gẹ́gẹ́ bí igbó São Tomé ṣe hù padà bo oko ìrèké.

Bí ẹ bá lọ wá a, ẹ má jẹ́ kí malimbe olórí pupa tàn yín jẹ. Ti olórí pupa, àtàrí àti ẹ̀yìn ọrùn ló pọ́n, àyà rẹ̀ dúdú. Ti Ìbàdàn, ojú ló dúdú, pupa yí i po láti àtàrí, ó gba ọrùn, ó sì sọ̀ dé àyà. Òmíràn wà tí àyà tiẹ̀ náà pọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹ́ orí rẹ̀ a máa nà sókè bí ògbé. Bí ó bá jẹ́ ti Ìbàdàn lẹ rí, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project, àwọn tó ń kọ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà sílẹ̀. Áàpù BirdLasser tí wọ́n ń lò ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó wà lápò yín yìí. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, ní etí odò kékeré, níbi tí okùn igbó bá ti lọ́ mọ́ra wọn. Ó yá, ẹ mú ìbéèrè wá.